Àwọn Tí Ojú Agbo Kì í Rí: Ẹ̀kọ́ Lórí Iṣẹ́ Ẹ̀yìn Ìtàgé Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Bíbélì fún kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 27, 1 Sámúẹ́lì 30:21–25

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ránṣẹ́ sí wa pé kí a kọ ẹ̀kọ́ Bíbélì kan fún wọn, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni pé kí a kọ nípa Dáníẹ́lì àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta nì, nítorí pé ibẹ̀ ni àwa oníwàásù máa ń sá sí bí wọ́n bá ní kí a bá ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀. A ti kọ ojú ìwé méjì kí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ká wa mọ́lé.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìyá kan nínú ìjọ wa dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra. Ọmọ Ẹmùré ni, ó ń ta aṣọ ní ọjà Ìkẹ́rẹ́, opó sì ni. Inú ọ̀rá dúdú ló ti yọ lẹ́tà kan tí wọ́n tẹ̀ dáradára, tí àwòrán ọkọ̀ ojú omi ńlá funfun kan wà lórí rẹ̀. Lẹ́tà náà sọ pé wọ́n ti gba ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sí iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan ní òkè òkun, pé ẹ̀yìn ìtàgé ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, láàrin àwọn tó ń tọ́jú iná, ohùn àti ẹrù àwọn eléré. Ilé ẹ̀kọ́ wa yìí ni ọmọ náà ti jáde. Òun náà ló ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn nínú ìjọ wa. Bí kò bá sì sí nílé, ìwàásù wa kì í dé ìjókòó kẹrin.

Owó ló da omi tútù sí ayọ̀ náà. Kí ọmọ tó lè wọ ọkọ̀, lẹ́tà náà ní kí wọ́n san owó fọ́ọ̀mù, owó físà, owó ẹ̀kọ́, àti owó kan tí wọ́n pè ní owó ìdáàyèdúró, gbogbo rẹ̀ láàrin ọjọ́ 14. Ìyá yìí ti rí ẹni tí yóò ra oko kòkó tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ní ọ̀nà Ìsẹ̀. Ó ní kí òun tó tọwọ́ bọ̀wé ni òun fi ní kí òun bi wá. Ìbéèrè méjì ló bi wá. Èkíní ni pé, “Bàbá, ṣé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́?” Èkejì ló fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ, bí ẹni tí ojú ń tì: “Bí ó bá sì wà, ṣé iṣẹ́ tí ọmọ onígbàgbọ́ lè ṣe ni, kí ó máa gbé àga kiri nínú òkùnkùn fún àwọn tó ń jó?”

A kò lè dáhùn ọ̀kankan lọ́jọ́ náà. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má tọwọ́ bọ ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí a rí láàrin ọ̀sẹ̀ náà ni a kọ sílẹ̀ yìí, ìbéèrè kejì ni a ó sì fi ṣáájú, nítorí pé òun ló mú wa ronú jù.

Bí iṣẹ́ náà ti rí

Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan wà, tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí a ti jáde, tó ń gbé nísinsìnyí ní Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èbúté ńlá ni ibẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ti ń gbéra. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìtàgé nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn sí orí ilẹ̀. A pè é lórí fóònù, ó sì fi sùúrù bá wa sọ̀rọ̀ ní alẹ́ méjì.

Ó ní kí a má ronú nípa ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ sí Àpápá. Ìlú tó ń rìn lórí omi ni. Àwọn tó tóbi jù nínú wọn ń gbé èrò tó lé ní 5,000, òṣìṣẹ́ wọn nìkan sì lé ní 2,000. Ilé oúnjẹ wà nínú rẹ̀, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà, ọjà wà, gbọ̀ngàn ìtàgé sì wà tí ìjókòó rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń ṣeré níbẹ̀, nígbà púpọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́ kan, nítorí pé bí ìdajì èrò bá ń jẹun, ìdajì tó kù ni yóò máa wòran.

Ohun tí èrò ń rí ni akọrin, oníjó àti apidán. Ohun tí wọn kì í rí ni àwọn tó wọ aṣọ dúdú láti ọrùn dé ẹsẹ̀ kí iná má baà mú ojú wọn. Ẹnì kan jókòó ti tábìlì iná, ẹnì kan ti tábìlì ohùn. Àwọn kan ń ti ilé onígi àti àtẹ̀gùn tó ní táyà jáde sójú ìtàgé, wọ́n sì ń fà á padà. Àwọn kan dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́ de oníjó tí yóò sáré wọlé, tí yóò bọ́ ti ara rẹ̀, tí yóò sì wọ òmíràn kí orin tó yí padà. Adarí ìtàgé ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú ohun tí wọ́n fi bo etí. Bí ó bá sọ pé “ẹ múra,” kò sí ẹni tí yóò mira. Ìgbà tí ó bá tó sọ pé “ó yá” ni ọwọ́ gbogbo yóò ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ṣáájú ọ̀rọ̀ lè ti òpó onígi lu ọmọ ẹlòmíràn.

Nítorí pé orí omi ni wọ́n wà, kò sí ohun tí wọn kì í so mọ́lẹ̀. Wọ́n ń so àga, wọ́n ń so igi ìfàṣọkọ́, wọ́n ń ti gbogbo táyà pa. Bí òkun bá ń ru, wọn á yọ ìfò àti ìgbéra-ẹni-sókè kúrò nínú ijó, nítorí pé ilẹ̀ tí oníjó fò kúrò lórí rẹ̀ kọ́ ni yóò bá nígbà tó bá padà sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́.

Bí eré bá parí, iṣẹ́ kò tí ì parí. Àwọn kan náà ni yóò tú u palẹ̀, tí wọn yóò tún tẹ́ ti ọjọ́ kejì. Àwọn ni wọ́n ń gbé makirofóònù fún tẹ́tẹ́ onínọ́mbà ní ọ̀sán, àwọn ni wọ́n ń to àga fún sinimá lórí òrùlé ọkọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn kan náà ni wọ́n ń tẹ́ tábìlì tí wọ́n sì ń tan iná fún ìsìn àwọn onígbàgbọ́, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti jó dòru. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sùn nínú yàrá kékeré tí ẹni méjì ń pín, tí kò ní fèrèsé, débi pé aago ọwọ́ nìkan ló ń sọ fún wọn bóyá ilẹ̀ ti mọ́.

Ohun kan tún wà tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ yìí fọwọ́ kan iná ìtàgé, wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ bí a ti ń pa iná tó ń jó. Wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń fi ẹ̀wù ìléfòó bọ́ sínú omi, bí a ti ń tọ́jú ẹni tó fara pa, àti bí a ti ń darí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹ̀rù ń bà. Gbogbo òṣìṣẹ́ ọkọ̀, títí dé ẹni tó ń ran aṣọ oníjó, ló ní ibi tí yóò dúró sí lọ́jọ́ ewu. A ó padà sórí èyí.

Ìtàgé tiwa

Ṣé àjèjì ni irú iṣẹ́ yìí láàrin wa? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ní nǹkan bí àárín 1970 sí 1979 yóò rántí gbọ̀ngàn wa àtijọ́. Àwa ni a máa ń fa aṣọ ìkélé níbẹ̀. Aṣọ ìbùsùn mẹ́rin láti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n rán pọ̀, tí wọ́n fi wáyà kọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ eré Jósẹ́fù, aṣọ náà há mọ́ igun àga Fáráò. A fà á, kò wá. A tún fà á tagbáratagbára, wáyà já, Fáráò, aṣọ àti àwa fúnra wa sì wà lójú agbo pa pọ̀. Ìyá wa wà nínú èrò. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ọjọ́ náà ni òun tó mọ̀ pé a wà nínú eré.

Bí ẹ bá ti ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré láyé ìgbà náà, ẹ rí àwọn eléré alárìnká. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn ti wú yọ. Ní 1944 ni Hubert Ògúndé, tí ó jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, ṣe eré kan lórí ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ló dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì wa níhìn-ín, tíṣà ni kí ó tó di eléré. Ní 1963, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó gbé Ọ̀mùtí jáde láti inú ìwé Amos Tutùọlá, Demas Nwoko ni ó sì ṣe ìṣẹ̀ṣọ́ ìtàgé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló mọ orúkọ Ògúnmọ́lá. Ìwọ̀nba ló mọ Nwoko mọ́ eré náà, bẹ́ẹ̀ ni ojú tí àwọn èrò fi wo ayé àwọn òkú àti àwọn ẹbọra nínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá.

Bí ẹgbẹ́ alárìnká bá dé ìlú, láti ọ̀sán ni ọkọ̀ wọn yóò ti máa yí ìlú ká, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò máa ké lórí rẹ̀. Àwa ọmọdé a sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó rí ọkùnrin kan tó ń ru jẹnẹrétọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, òun náà ni yóò kan aṣọ aláwòrán mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, òun náà ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, òun ni yóò jáde pẹ̀lú adé lórí àti ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, tí gbogbo wa yóò sì kígbe “Kábíyèsí!” Nínú ètò tiwa, kò sí ògiri láàrin ẹni tó ń ru ẹrù àti ẹni tó ń jọba. Nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́, ògiri wà, ó sì nípọn. Ẹni tó ń ti àtẹ̀gùn kò ní tẹrí ba fún àtẹ́wọ́ láéláé. A kò rò pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, kí ó má bàa máa retí àwòrán ọmọ rẹ̀ lójú ìtàgé.

Ẹ jẹ́ kí a tún yà sí ààfin Ògògà díẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n tí ó fi Ìsẹ̀ ṣe ilé tí ó sì kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ kí Ogun Àgbáyé kìíní tó dé. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley, láti ibẹ̀ ló sì ti di ohun ìní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Lára ohun tí ó gbẹ́ sí i ni bí Ògògà ṣe gba aṣojú ìjọba òyìnbó lálejò. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, òyìnbó ń bọ̀ lórí àga ìgbéni. Agbẹ́gilére mìíràn ìbá dúró níbẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àwọn tó gbé òyìnbó náà, ó sì gbẹ́ àwọn aláàárù pẹ̀lú ẹrù lórí wọn. Ọrùn wọn le lábẹ́ ẹrù, ẹ lè rí i. Ẹni tí ó bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lónìí tó sì wo ilẹ̀kùn náà, yóò rí àwọn tí kò sí ìwé ìjọba kankan tó kọ orúkọ wọn.

Onígìtá inú Oceanos

A dé ibi tí ẹsẹ Bíbélì wa wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìrìn-àjò Pọ́ọ̀lù, tí a sì ń sáré kọjá láti dé erékùṣù Mẹ́lítà níbi tí ejò wà. Ẹ rọra kà á. Ọkọ̀ Alẹkisáńdíríà ni, ènìyàn 276 ló wà nínú rẹ̀, Pọ́ọ̀lù sì jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n láàrin wọn. Nígbà tí ó di òru kẹrìnlá, àwọn atukọ̀ rí i pé ilẹ̀ kò jìnnà mọ́. Wọ́n sọ ọkọ̀ kékeré sínú omi bí ẹni tí ó fẹ́ ju ìdákọ̀ró láti iwájú ọkọ̀, ṣùgbọ́n sísá ni wọ́n fẹ́ sá. Ẹlẹ́wọ̀n ló rí wọn. Ó sọ fún balógun ọ̀rún, àwọn ọmọ ogun sì gé okùn ọkọ̀ kékeré náà. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lọ, ẹlẹ́wọ̀n yìí kan náà ló mú búrẹ́dì, tí ó dúpẹ́, tí ó sì rọ gbogbo èrò pé kí wọ́n jẹun.

A ti ń kọ́ni ní orí yìí láti ìgbà tí a ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, a kò sì mọ̀ pé ohun tó jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ayé tiwa, àfi ìgbà tí ọmọ Southampton yìí sọ fún wa. Ó ní kò sí òṣìṣẹ́ ìtàgé nínú ọkọ̀ tí kò mọ ìtàn Oceanos.

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ilẹ̀ Gíríìsì ni Oceanos. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 1991, ó kúrò ní East London ní Gúúsù Áfíríkà, ó ń lọ sí Durban, ìgbì sì ga. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, omi wọ inú yàrá ẹ́ńjìnnì, iná kú jákèjádò ọkọ̀. Kò sí ẹni tó kéde ohunkóhun fún èrò. Moss Hills, tí ó ń ta gìtá nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Tracy, rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ti wọ ẹ̀wù ìléfòó, wọ́n sì ń sáré kiri. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó sì rí i pé omi ti ń wọlé. Àwọn eléré ló kó èrò jọ sínú gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń kọrin fún wọn kí ìpayà má bàa gbilẹ̀. Àwọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í darí èrò sínú àwọn ọkọ̀ ìgbàlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ dunjú.

Nígbà tí ọkọ̀ ti fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ débi pé a kò lè sọ àwọn ọkọ̀ ìgbàlà tó kù sínú omi mọ́, Hills lọ sí yàrá tí ọ̀gákọ̀ ti ń darí ọkọ̀. Kò bá ọ̀gákankan níbẹ̀. Ó gbé rédíò, ó sì ké fún ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó dá a lóhùn bi í pé ipò wo ló wà nínú ọkọ̀. Ó ní òun kò ní ipò, onígìtá ni òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn hẹlikópítà ológun Gúúsù Áfíríkà dé, wọ́n sì ń fi okùn fa àwọn èrò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gákọ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gòkè. Hills, ìyàwó rẹ̀ àti Robin Boltman apidán wà níbẹ̀ títí tí ó fi kù díẹ̀ kí ó tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin oṣù náà, ọkọ̀ rì. Ènìyàn 571 ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ló yè.

Ẹ wò ó bí ìtàn méjèèjì ti bára mu. Àwọn tí ọkọ̀ wà níkàáwọ́ wọn fẹ́ sá. Ẹni tí kò ní ipò ló dúró, kò sì sí ẹ̀mí kan tó ṣègbé. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Pọ́ọ̀lù ní ìlérí áńgẹ́lì; Hills kò sọ pé òun gbọ́ ohùn kankan. A kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu kí ẹ̀kọ́ wa lè dùn. Ohun tí a lè sọ ni pé ẹni tó ti mọ́ lára láti máa wo ohun tó ń lọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé kì í pẹ́ mọ̀ bí nǹkan bá ń bàjẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó dúró ti ẹrù

Ẹsẹ kejì tiwa kúrú. Dáfídì àti 600 ọkùnrin ń lépa àwọn tó jó Síkílágì níná. Nígbà tí wọ́n dé odò Bésórì, ó rẹ 200 nínú wọn, wọn kò lè kọjá. Wọ́n dúró ti ẹrù. Nígbà tí àwọn 400 padà dé pẹ̀lú ìkógun, àwọn kan nínú wọn ní kí ẹnikẹ́ni má fún àwọn tó dúró ní nǹkan kan ju aya àti ọmọ wọn lọ. Dáfídì kọ̀. Ó sọ ọ́ di òfin pé ìpín ẹni tó lọ sójú ogun àti ti ẹni tó dúró ti ẹrù yóò dọ́gba.

Ó yẹ kí a wo àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ líle yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí ti àwa òbí. A máa ń na ọmọ tó gba ipò kìíní sójú agbo, a kì í sì béèrè ẹni tó pọn omi sí ilé ìgbọ́únjẹ ní àárọ̀ ìdánwò. Ìyá tó dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà kò bi wá bóyá ó burú kí ọmọ òun di akọrin. Gbígbé àga nínú òkùnkùn ni ojú ń tì í fún. A sọ fún un pé ìtìjú kò sí níbẹ̀, a sì fi ẹsẹ yìí hàn án.

Ṣùgbọ́n a kò pa ìyókù mọ́ fún un. Ọtí pọ̀ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́, tẹ́tẹ́ wà, ìdánìkanwà sì ń bẹ níbẹ̀ tó ń jẹ ọ̀dọ́ run. Ọmọ Southampton wa kò lè wá síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀, nítorí pé àárín òkun ni ìròyìn ti bá a. Ohùn rẹ̀ yí padà nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní ẹni tó ràn án lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà ni àlùfáà èbúté kan. Ẹgbẹ́ Mission to Seafarers ti ìjọ Áńgílíkà ti wà láti 1856, àwọn Kátólíìkì sì dá tiwọn sílẹ̀ ní Glasgow ní 1920. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gun ọkọ̀ bí ó bá ti gúnlẹ̀, kí wọ́n bá atukọ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fún wọn ní fóònù pe ilé. Ọmọ tó bá ń lọ, ẹ kọ́ ọ kí ó béèrè wọn.

Ìbéèrè kìíní

Ṣé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà? Ó wà. Ṣé lẹ́tà náà wá láti ibẹ̀? A ó sọ ohun tí a fi wọ̀n ọ́n, kí ẹ lè fi wọn tiyín.

Àdéhùn àgbáyé kan wà lórí iṣẹ́ atukọ̀, tí wọ́n ṣe ní 2006. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2013. Àdéhùn náà ka ẹni tó ń tan iná ìtàgé nínú ọkọ̀ sí atukọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń darí ọkọ̀. Ó sọ pé aṣojú tó ń wá iṣẹ́ fún atukọ̀ kò gbọ́dọ̀ gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà. Ohun tí òṣìṣẹ́ lè san fúnra rẹ̀ ni ti ìwé àyẹ̀wò ara, ìwé atukọ̀ ti orílẹ̀-èdè rẹ̀, àti ìwé ìrìnnà. Owó físà, ẹni tó ni ọkọ̀ ni yóò san án. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yẹn. Ẹ̀kọ́ ààbò tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ti iná àti omi, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ni a ti ń gbà á, a kì í rà á lọ́wọ́ aṣojú pẹ̀lú lẹ́tà. Ní ilẹ̀ wa, NIMASA ni àjọ ìjọba tó ń fún àwọn aṣojú atukọ̀ níwèé àṣẹ, ẹnikẹ́ni sì lè kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn.

Àdéhùn náà tún ní kí ìwé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ àti ẹni tó ni ọkọ̀ jọ tọwọ́ bọ̀ wà, tí iye owó oṣù, ìsinmi àti bí wọn yóò ti dá a padà sílé wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 14 lọ láàrin wákàtí 24, tàbí wákàtí 72 láàrin ọjọ́ méje. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ìsinmi wọ̀n ọ́n, kò gbọ́dọ̀ dín sí wákàtí 10 lóòjọ́. Ẹ rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ ìgbafẹ́.

A gbé lẹ́tà ìyá wa sórí tábìlì. Kò sí orúkọ ọkọ̀ nínú rẹ̀, àwòrán nìkan ló wà. Kò sí ìwé iṣẹ́. Kò sí ẹni tó bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan nípa iná tàbí ohùn. Àkáǹtì ẹnì kan ni wọ́n ní kí a san owó sí, owó físà sì ni ó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀. A pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀, a béèrè orúkọ ọkọ̀, ẹni tó gbé e bú wa, ó sì pa fóònù.

Ìyá náà kò sọkún. Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í padà sínú ọ̀rá dúdú, ó sì béèrè bóyá òun ṣì lè bá ẹni tó fẹ́ ra oko sọ̀rọ̀ kí ó má bínú. Ọmọ ló le fún wa. Ó wo ojú wa, ó ní, “Bàbá, ẹ ti dí ọ̀nà mi.” A kò ní èsì tó mú un lọ́kàn. A fún un ní nọ́ńbà ọmọ Southampton, wọ́n sì sọ̀rọ̀ pẹ́. Èyí sọ fún un pé àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń wá ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ìtàgé gidi lórí ilẹ̀, tó lè fi orúkọ àwọn tó bá ṣiṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ẹni tó sanwó. Ó ní kí ó fi ọdún méjì kọ́ṣẹ́ dáadáa, kí ó sì tún pe òun.

Ọmọ náà wà ní Adó-Èkìtì báyìí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ohùn àti iná háyà fún ayẹyẹ. Wọ́n kó kòkó lóko ọ̀nà Ìsẹ̀ lọ́dún yìí, kò sì burú. Kò tí ì máa bá wa ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún wá ẹni tí yóò tọ́jú ohùn nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ayẹyẹ, òun ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é láìgbowó. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ni yóò wà. Wáyà tuntun ni wọ́n fi kọ́ aṣọ náà lọ́tẹ̀ yìí. A ti lọ fà á wò.